Ọdún Tí Ọmọ Elégédé Já Dànù

Eérú ni Ìyá Àgbà máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ kàn láàárọ̀. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbá tán, inú ilé ìdáná ni wọ́n ń gbà lọ, wọn a wa eérú àná sínú agolo mílíìkì kan tí wọ́n ti fi ìṣó dá ìdí rẹ̀ lu, wọn a sì máa gbọ̀n ọ́n sórí ẹ̀fọ́ nígbà tí ìrì ṣì wà lára ewé. Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Ìró agolo yẹn ló ń jí mi ní kékeré. Wọ́n ní bí ìrì bá gbẹ tán, eérú ò ní lẹ̀ mọ́ ewé mọ́, kòkòrò á sì fi ọgbà ṣe sàárà. Lẹ́yìn eérú ni ìgbálẹ̀, lẹ́yìn ìgbálẹ̀ ni ewúrẹ́ Ìyá Ráfíù, aládùúgbò wa, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké, nítorí òórùn ẹ̀fọ́ wa ti dé imú rẹ̀. Abúlé wa kò jìnnà sí Lalupon; bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti ọ̀nà ibẹ̀, a máa ń gbọ́ òórùn gàrí tí wọ́n ń yan. Inú ilé kan náà ni mo ṣì ń gbé. Ìwé mi ò kọjá kíláàsì kẹta ní girama, nítorí náà bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀.

Ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa kò tóbi. Bí èèyàn bá dúró sẹ́nu balùwẹ̀, ó lè ju òkúta dé ìpẹ̀kun rẹ̀. Síbẹ̀, kò sí oṣù tí a kì í já nǹkan níbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ bá le bí àpáta, ẹ̀gbẹ́ balùwẹ̀ ni Ìyá Àgbà ń gbin tẹ̀tẹ̀ sí, kí omi ìwẹ̀ wa lè máa ṣàn lọ bá a. Omi ọṣẹ kọ́ o, omi ìṣanra ni, wọ́n á dúró síta balùwẹ̀, wọ́n á máa béèrè pé, "Wàsíù, èwo lò ń dà yẹn?" Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, gbogbo abúlé á sáré gbé ọkọ́, Ìyá Àgbà ò ní dá wọn lóhùn. Wọ́n ní òjò tó kọ́kọ́ dé, ilẹ̀ ló ń kí, kò tíì kí àgbẹ̀. Ó di òjò ẹlẹ́ẹ̀kẹta kí wọ́n tó po kóró tẹ̀tẹ̀ mọ́ yanrìn, kó má baà hù jọ bí irun orí, wọn a ní "Bìsìmílàhi", wọn a fọ́n ọn. Ilá àti ata á tẹ̀ lé e. Elégédé ló máa ń gbẹ̀yìn, òun ni wọ́n sì fẹ́ràn jù. Orí ààtàn àtijọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná ni wọ́n ń gbìn ín sí, tí ìtàkùn rẹ̀ á fi nà kálẹ̀ dé ìdí ògiri. "Ọgbà kì í purọ́," ni wọ́n máa ń sọ bí wọ́n bá ń darí ìtàkùn náà. "Ohun tó o bá fún un ló máa kó síta fún ọ." Mo máa ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà. Bọ́ọ̀lù ló wà lọ́kàn mi.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé lọ́dún mẹ́wàá ni. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà tó bí bàbá mi ló fi mí sí. Bọ̀dá Gàníyù, àbúrò bàbá mi, ló ń dáko ẹ̀gẹ́ tó ń bọ́ wa, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì gbé ìyàwó wálé láti Ṣáṣá. Sìdíkátù lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyàwó ni gbogbo wa ń pè é. Nínú àṣà ilé wa, ọmọ tí ìyàwó bá bá nílé, ọkọ rẹ̀ ni, ì báà ṣe ọmọ ọwọ́. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tó dé, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ni n ó máa pè ní Adúmáradán. Ṣé ẹ gbà?" Mo dúdú bí ìdí ìkòkò lóòótọ́, ojú sì tì mí. Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. "Ọkọ rẹ kékeré rèé o. Òun ni yóò máa jẹ ẹran tó bá ṣẹ́ kù." Ìyàwó fèsì kíá: "Níbo ló ti fẹ́ ṣẹ́ kù, nígbà tí ọkọ ńlá ń bẹ nílé?" Láti ọjọ́ náà ló ti ń fi ìrẹsì tó jóná mọ́dìí ìkòkò pamọ́ fún mi, nítorí ó ti rí i pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe fún un tó fi ṣe mí bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí òjò wá múlẹ̀ dáadáa, oyún Ìyàwó ti hàn, elégédé Ìyá Àgbà náà sì ti so. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyàwó ru omi gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ó rí àwọn ọmọ elégédé lábẹ́ ewé, wọn ò tíì ju ìkúùkù ọmọdé lọ. Inú rẹ̀ dùn, ó sọ omi kalẹ̀, ó nàka. "Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin... Ìyá, mọ́kànlá ni o! Mọ́kànlá!" Agolo eérú bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. "Ìyàwó! Ká ìka ẹ kò! Ta ní ń nàka sí ọmọ elégédé? Ṣé o fẹ́ kó já ni?" Lọ́dọ̀ tiwa, kò sí ọmọ kékeré tí kò mọ̀ ọ́n: èso elégédé tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, ìkúùkù la fi ń júwe rẹ̀. Bí èèyàn bá ṣèèṣì nàka sí i, kó yára gé ìka náà jẹ lójú ẹsẹ̀, bóyá Ọlọ́run á mójú kúrò. Ìyàwó ti ki ìka bọ ẹnu, ó ń gé e jẹ, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú, Ìyá. Ní Ṣáṣá, inú apẹ̀rẹ̀ la ti ń rí elégédé. Ó ti dàgbà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa." Ìyá Àgbà náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó ti tán, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ já gbọ̀rọ̀ lára rẹ̀ títí èso á fi gbó díẹ̀. Gbọ̀rọ̀ ni ewé elégédé tí à ń fi se ọbẹ̀. "Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú," ni wọ́n wí, "wọn kì í gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀."

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí wọ́n ránṣẹ́ pé àbúrò Ìyá Àgbà ń ṣàìsàn l'Ólódò. Wọ́n á sun ibẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Kí wọ́n tó gun ọ̀kadà, wọ́n mú mi dúró ní ẹ̀bá ọgbà. "Wàsíù, èpò ti fẹ́ fún elégédé lọ́rùn. Tu ú kí n tó dé. Ọwọ́ ni kó o fi tu ú o. Má gbé ọkọ́ débẹ̀, wàá gé ìtàkùn." Mo lóṣòó, mo tu bí ẹ̀kún apẹ̀rẹ̀ kan. Ewé elégédé ń họ mí lápá, ẹ̀yìn ń ro mí, ariwo àwọn ẹgbẹ́ mi sì ń dún lórí pápá. Lẹ́yìn ilé ìdáná ni táńkì tí Bọ̀dá Gàníyù máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn wà, èyí tí wọ́n fi ń fín kẹ́míkà apakoríko sí oko. Mo mì ín; ó ṣì kù nínú rẹ̀, ó ń dún gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé ìka mi ò gbọdọ̀ kàn án. Mo wá rò ó lọ́nà tèmi: koríko ló ń pa, elégédé kì í ṣe koríko. Bó bá jẹ́ pé ó ń pa ohun tí èèyàn ń jẹ ni, kí ló dé tí ẹ̀gẹ́ Bọ̀dá ò kú? Mi ò mọ̀ pé kí ẹ̀gẹ́ tó hù ni wọ́n máa ń fín in. Mo fín in láàárín ìtàkùn, ó kàn èpò, ó kàn ewé. Kò pẹ́ rárá tí mo fi ṣe tán. Mo dá táńkì padà síbi tó wà, mo sì lọ gbá bọ́ọ̀lù. Mo tiẹ̀ gbá a wọlé lọ́jọ́ náà.

Lọ́jọ́ kejì, Bọ̀dá ti lọ sóko, ó ku èmi àti Ìyàwó nílé. Mo ń fọ yunifọ́ọ̀mù mi lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i tó rọra wọnú ọgbà, tó wo ọ̀tún, tó wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ yọ ẹran nínú ìkòkò ọbẹ̀. Ó já ọ̀mùnú gbọ̀rọ̀ bí ẹ̀kúnwọ́ méjì. Bó ṣe yíjú báyìí ló rí mi. "Adúmáradán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún Ìyá o. Ó ti ń wù mí láti àná. Ẹni tó wà nínú mi ló ń béèrè ẹ̀, èmi kọ́." Ọ̀rọ̀ dé ọ̀fun mi. Bí mo bá ní kó má jẹ ẹ́, yóò béèrè ìdí. Bó bá mọ ìdí, Bọ̀dá á gbọ́ pé mo fọwọ́ kan táńkì. Mo wo ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀: ó tutù yọ̀yọ̀, kò sí ohun tó ṣe é. Mo sọ fún ara mi pé kò séwu. Ó fi ẹ̀gúsí díẹ̀ sè é, ó bu tèmi sínú àwo. Mo ní mo ti yó. "Ẹ̀yin? Ẹ ti yó? Láti ìgbà wo?" Ó jẹ tirẹ̀, ó fa tèmi mọ́ra, ó jẹ ẹ́, ó sì fọ àwo méjèèjì kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń ka òkèlè rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni Ìyá Àgbà ti Olódò dé. Wọ́n bá èpò lórí ìdúró, wọ́n ní ọ̀lẹ ni mí, àwọn á tu ìyókù fúnra àwọn. Ṣùgbọ́n òjò ṣú lọ́jọ́ yẹn, ó sì ń rọ̀ lọ́tùn-ún lósì fún odindi ọjọ́ mẹ́rin, ẹnikẹ́ni ò lè wọnú ọgbà. Nínú òjò yẹn ni Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Ìyá Àgbà ní oyún ni, wọ́n ní kó máa fá òróǹbó lá. Bọ̀dá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ tó wà nínú rẹ̀ ń lé oúnjẹ jáde nítorí ọbẹ̀ rẹ̀ ò dùn. Gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, èmi náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Bó bá wọlé lọ dùbúlẹ̀, mo máa ń wá ohun tí n ó fi gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá, kí n lè gbọ́ bóyá ó ń mí. Mo fọ ọwọ́ mi títí awọ ìka mi fi súnjọ.

Nígbà tí òjò dá, gbogbo ewé elégédé ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ọmọ elégédé mẹ́ta ti bọ́ sílẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo rẹ̀ ti já, wọ́n súnkì, wọ́n ń jẹrà nílẹ̀. Ìyá Àgbà ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìborùn wọn. Ìyá Ráfíù ló yọ orí lókè ògiri. "Ẹ̀yin ò rántí pé ìyàwó yín kà wọ́n? Mo gbọ́ ohùn ẹ̀ láti ilé mi: mọ́kànlá, mọ́kànlá! Mọ́kànlá ọ̀hún dà?" Kò tíì tó o. "Ọwọ́ tó já ti ọgbà, ẹ bá wa bẹ̀ ẹ́ o, kó má lọ já ti inú ara ẹ̀." Ìyá Àgbà gbà á mọ́ ọn lẹ́nu pé kó gbé ẹnu rẹ̀ kúrò lórí oyún olóyún. Ṣùgbọ́n àwọn gan-an ò wo ojú Ìyàwó. Bọ̀dá Gàníyù tó ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ látọjọ́ yìí gbé ọkọ́ wọn, wọ́n gba oko lọ láìjẹun. Ìyàwó dúró lẹ́nu ilé ìdáná. Ó ti ki ìka náà bọ ẹnu, lọ́tẹ̀ yìí kò rẹ́rìn-ín, ó sì gé e jẹ títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

Láti ọjọ́ náà ló ti fi àkísà wé ìka yẹn. Kò fi ọwọ́ ọ̀tún kan ikùn rẹ̀ mọ́. Bí ọmọ bá sọ nínú rẹ̀, ọwọ́ òsì ló fi ń dì í mú, á sì gbé ọ̀tún sẹ́yìn bí ẹni tó di nǹkan olóró lọ́wọ́. Nígbà tó yá, Ìyá Àgbà ní kó lọ sinmi lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Ṣáṣá títí yóò fi bímọ, kí ọkàn gbogbo èèyàn lè balẹ̀. Èmi ni mo ru ẹrù rẹ̀ dé ojú títì. A ń dúró de ọkọ̀ nígbà tó sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé, "Adúmáradán, ẹ ṣeun tí ẹ ò sọ pé mo já ewé. Wọn ì bá ti lé mi tipẹ́." Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ dé, mo bá a gbé ẹrù sẹ́yìn rẹ̀, mo padà sílé, mo sì jẹun yó lọ́jọ́ yẹn, torí ẹ̀rù ti bà mí débi pé ṣe ni mo kàn ń kó o sẹ́nu.

Ìyá Àgbà ló tú àṣírí náà fúnra wọn. Òjò ti fẹ́ sinmi díẹ̀ kí ti ẹlẹ́ẹ̀kejì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ palẹ̀ orí ààtàn mọ́ kí wọ́n fi ẹ̀rẹ̀é síbẹ̀. Wọ́n ń fa òkú ìtàkùn, wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa èpò kan tu, wọ́n wo gbòǹgbò rẹ̀, wọ́n fa òmíràn. Wọ́n wo ibi tí mo ti fi ọwọ́ tu èpò lọ́jọ́sí. Koríko tuntun ti hù níbẹ̀, àwọ̀ ewé ni. Ibi yòókù pọ́n bí ìgbà tí iná jó o. "Wàsíù, wá." Mo lọ. "Elégédé kú. Ó dáa, wọ́n nàka sí i. Èpò náà kú. Ta ló nàka sí èpò?" Ẹkún ni mo bú sí. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ọgbà. Wọ́n ní kí n sọ ọ́, mo sì sọ ọ́: táńkì, kẹ́míkà, bọ́ọ̀lù. "Ọjọ́ wo lo fín in?" Ó yẹ kí n sọ pé ọjọ́ tí wọ́n lọ ni. Mo mọ ìbéèrè tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Ọjọ́ tí ẹ dé, mà. Láàárọ̀ ọjọ́ náà." "Ṣé Ìyàwó jẹ nínú ẹ̀?" "Rárá, mà." Wọ́n mí kanlẹ̀. "Alihamudulilahi." Wọn ò nà mí. Ì bá sàn kí wọ́n nà mí. Wọ́n kàn wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n ní, "Mo ti dàgbà tó báyìí, mo gba ẹnu Ìyá Ráfíù gbọ́, mi ò wo ilẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì la gba Ṣáṣá lọ, èmi pẹ̀lú wọn, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ilá àti tẹ̀tẹ̀. Ìyá Ìyàwó ń ṣa àlùbọ́sà lójúde wọn. Kí ó tó dìde kí wa, Ìyá Àgbà ti kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. "Háà, ìyá wa! Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, èèwọ̀ ni!" "Ẹ fi mí sílẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Ojú gbogbo èèyàn ni mo ti ṣe ọmọ yín bí ẹni burúkú. Ojú gbogbo èèyàn ni n ó ti bẹ̀ ẹ́. Wàsíù, sọ ohun tó o ṣe." Mo sọ ọ́. Àwọn aládùúgbò ti pé jọ, ẹnìkan ń pòṣé, ẹnìkan ní ọmọ ayé òde òní ni. Ìyàwó jókòó lórí àpótí, ìka rẹ̀ wà nínú àkísà, ó ń wò mí láìṣẹ́jú. Nígbà tí mo sọ tán, ìbéèrè kan péré ló bi mí. "Adúmáradán, ọjọ́ wo ni?"

Kò sí ẹni tó mọ ìdí tó fi béèrè àfi èmi. Ìyá rẹ̀ tiẹ̀ ní, "Kí lo fẹ́ fi ọjọ́ ṣe?" Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé nítorí àánú ni àwọn fi purọ́. Tèmi kì í ṣe àánú. Ẹ̀rù ni, ìgbà tó yá ni mo wá wọ aṣọ àánú fún un. Mo ní, "Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà ti Olódò dé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà." Mo rí i bó ṣe ń fi ojú ka ọjọ́ nínú orí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú àkísà náà, ó tú u títí ó fi tán, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé ikùn rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún, gbogbo èèyàn ń sọ pé ẹkún ayọ̀ ni. Ká ní mo sọ òótọ́, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi ni mo dí i lọ́nà. Ọjọ́ méjì péré ni mo yí padà.

Ọmọbìnrin ló bí, nígbà tí ọyẹ́ ń wọlé bọ̀. Àmọ̀kẹ́ ni Ìyá Àgbà sọ ọ́. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Bọ̀dá Gàníyù lọ mú wọn wálé, Ìyàwó sì gba ọgbà náà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà díẹ̀díẹ̀ títí Ìyá Àgbà fi kú. Òun ló ń po kóró mọ́ yanrìn báyìí, òun ló ń dúró síta balùwẹ̀ béèrè irú omi tí èèyàn ń dà. Àmọ̀kẹ́ ti ju bí mo ṣe wà nígbà yẹn lọ. Ara rẹ̀ le, ó ń sáré, ó ń kàwé jù mí lọ. Mo bi nọ́ọ̀sì kan rí, mo dọ́gbọ́n sọ ọ́ bí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ó ní bí ọmọ náà bá ń jẹ tó ń ṣeré, kí ọ̀rẹ́ mi lọ fi ọkàn balẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pe Ìyàwó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti sọ òótọ́ fún un, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mo sì bi í bóyá omi wà nínú ìkòkò.

Ọwọ́ ni mo fi ń tu èpò ìdí elégédé, ọkọ́ ni mo fi ń ro ibi yòókù. Bọ̀dá ò bá mi jiyàn lórí rẹ̀ mọ́. Ìgbà ọyẹ́ ni mo ń kọ èyí, eruku wà nínú afẹ́fẹ́, kò sí ọmọ tí kì í wúkọ́ ní gbogbo abúlé. Bí Àmọ̀kẹ́ bá wúkọ́ nínú ilé, ọkọ́ mi á dúró lókè. Kì í ṣe pé mo fẹ́ bẹ́ẹ̀. Apá mi ló ń dúró fúnra rẹ̀. N ó máa tẹ́tí títí n ó fi tún gbọ́ ohùn rẹ̀ tó ń pe ìyá rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ á sì dá a lóhùn.